Ọmọ Ìyá Sìdí Ni Mo Fi Gba Ìrẹsì Ìjọba

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, mo kí yín o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ẹ̀dùn ọkàn àwọn ẹlòmíì níbí, mo sì máa ń fi àwọn kan rẹ́rìn-ín. Lónìí, èmi náà gbé tèmi dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ kà á dópin ná.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí, wọ́n fẹ́ mú ọmọ kan kúrò nílé ìwé, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn. Irọ́ tí mo pa ni wọ́n tẹ̀ lé. Ọmọ kejì tí irọ́ náà máa lé lọ nìyí. Àkọ́kọ́ ti lọ, kò tíì padà.

Àgbàlagbà ni mí. Mo ń tún agboòrùn ṣe ní àdúgbò Charbonnages, nílùú Libreville ní Gàbọ́ọ̀nù. Tí agboòrùn ò bá sí, mo ń tún síìpù àpò ìrìnàjò ṣe. Bàbá Alágboòrùn ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí. Mi ò ka ìwé púpọ̀. Olùkọ́ wa bi mí ìdí tí mo fi pẹ́ dé, mo ní erin ló dábùú ọ̀nà. Ó nà mí. Lọ́jọ́ kejì mo ní erin náà ti bímọ sójú ọ̀nà, ó ní kí n máa bá ọmọ erin lọ. Bí mo ṣe kúrò nílé ìwé nìyẹn.

Ẹ rí i, bí ẹnu mi ṣe rí láti kékeré nìyẹn. Mo ti sọ fún àwọn ará ilé wa pé ẹja àbùùbùtán ló pọ̀n mí wá láti Kútọnu. Mo ti sọ fún wọn pé ìjì gbé èmi àti agboòrùn mi kọjá lórí omi dé òdìkejì, pé mo jẹ ẹja yíyan níbẹ̀ kí ìjì mìíràn tó dá mi padà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fún mi lóúnjẹ. Mi ò fi ìtàn pa ẹnikẹ́ni lára rí. Ohun tí mo rò nìyẹn.

Àgbàlá kan náà ni èmi àti Ìyá Sìdí ń gbé. Nàgó ni, ará ọ̀nà Kétu. Ó ń din bẹ́nyẹ́, ìyẹn púfù-púfù àwọn ará ibí, ó sì ń tà á pẹ̀lú ẹ̀kọ mímu fún àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Ọkọ rẹ̀ ń gbé gẹdú ní èbúté Owendo. Nígbà tí ọjà gẹdú kú, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa lọ sílé. Ọkùnrin náà ní òun ń lọ wá iṣẹ́ ní Kóńgò. Láti ìgbà náà, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ó fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún un. Ẹ má bi mí pé mélòó ni wọ́n. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Sìdí ni àkọ́bí, ọmọbìnrin tó ga bí igi àgbọn. Bàṣírá ló tẹ̀ lé e. Gàníyù ni èyí tó máa ń wú ikọ́. Àwọn wẹ́wẹ́ wà lẹ́yìn wọn.

Lákòókò yẹn, ìlú le. Ṣọ́ọ̀bù ń tì. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba pàápàá ń ra bẹ́nyẹ́ láwìn. Ni ìròyìn bá jáde pé ìjọba fẹ́ ran àwọn tálákà lọ́wọ́, pé wọ́n máa pín oúnjẹ, àmọ́ wọ́n máa kọ́kọ́ wọ ilé dé ilé láti ka àwọn èèyàn, pàápàá jù lọ àwọn ọmọdé.

Mo gbọ́ ìròyìn náà dáadáa lórí rédíò. Mo gbọ́ Faransé tó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni kí ẹ ti mọ̀ pé kì í ṣe àìmọ̀ ló bá mi.

Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, gbogbo wa dúró sábẹ́ páànù. Ìyá Sìdí ló bi mí pé, "Bàbá, wọ́n ní wọ́n ń bọ̀ wá ka ọmọ. Kí ni wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

Ká ní mo sọ pé ìrẹsì ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Àmọ́ òjò ń rọ̀, wọ́n ń wo ẹnu mi. Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀. Mo ní ọkọ̀ ojú omi funfun kan wà ní Owendo. Mo ní mo fojú ara mi rí i nígbà tí mo lọ gbé àpò ìrìnàjò fún oníbàárà. Mo ní wọ́n ti kan ibùsùn kéékèèké sínú rẹ̀, wọ́n kùn wọ́n ní àwọ̀ ewé. Mo ní iye ọmọ àlejò tí wọ́n bá kà ni iye ibùsùn tí wọ́n máa kàn kún un.

Mo rò pé wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Kamẹrúùnù aránṣọ tí ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí kò gbọ́ Yorùbá, ló kàn ń rẹ́rìn-ín nítorí pé ó rí ojú mi. Ìyá Sìdí ò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Mo ti fura! Ta ni í ka ọmọ fún ọlọ́mọ bí kò bá ní ibi lọ́kàn?"

Mo fẹ́ sọ pé mò ń ṣàwàdà ni. Lóòótọ́, mo la ẹnu. Àmọ́ oníbàárà kan pè mí nípa agboòrùn rẹ̀, mo sì lọ. Nígbà tí mo padà dé, ó ti wọlé. Mo ní màá sọ fún un lọ́la. Ọ̀la dé, ó gbé bẹ́nyẹ́ gbígbóná wá fún mi, ó ní mo ṣeun tí mo ta òun lólobó. Bẹ́nyẹ́ yẹn dùn. Mi ò sọ mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó, mi ò mọ̀ pé ó máa ṣe ohun tó ṣe. Kò ní ìwé ìgbélùú. Ẹ̀rù ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, èmi ni mo kàn fún ẹ̀rù náà ní ọkọ̀ tó wọ̀.

Ó ní àwọn yòókù ṣeé fi pamọ́, àmọ́ Sìdí ga jù. Kò sí abẹ́ ibùsùn tó lè gbà á. Obìnrin oníṣòwò kan ń padà sí Kútọnu nígbà náà. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti di ẹrù Sìdí. Ó ń lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ní Kétu. Èmi ni wọ́n ní kí n tún síìpù àpò rẹ̀ ṣe. Mo tún un ṣe. Sìdí ní, "Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú wa." Mo ní kó máa lọ ire.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wá kà wá ló burú jù.

Ìyá Sìdí kó àwọn ọmọ wá sínú yàrá mi. Ó ní kò sẹ́ni tó máa wá ọmọdé nínú yàrá arúgbó tó ń dá gbé. Mo fi àwọn agboòrùn tó ti bàjẹ́ bò wọ́n. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń fi wáyà so irin agboòrùn.

Ọmọbìnrin kan ló wá, ó wọ ẹ̀wù pupa rúsúrúsú tí kò lápá, fóònù ńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Ìyá Sìdí. Ìyá Sìdí ní òun ò lọ́mọ kankan. Ó ń fi ọwọ́ gbá àyà bó ṣe ń sọ ọ́. Ọmọbìnrin náà tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, ó sì wá bá mi.

Ó wo ilà ojú mi. Ó ní, "Pápá, o jẹ́ Yorùbá? Bàbá bàbá mi ní èyí." Ó fọwọ́ fa ilà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Ibí ni wọ́n bí i, Faransé ló fi dàgbà, kò mọ̀ pé a kì í sọ pé "o" fún àgbà. Mi ò bínú. Ó dùn mọ́ mi.

Ni Gàníyù bá wú ikọ́.

Ọmọbìnrin náà ṣí ilẹ̀kùn. Ó gbé agboòrùn kan, ó rí orí kan. Ó gbé òmíràn, ó rí òmíràn. Gbogbo wọn ń wò ó. Ó ní, "Ta ló ni àwọn ọmọ yìí?"

Mi ò mọ ohun tó sún mi. Títí di òní, mò ń rò ó, orí mi kàn ń dàrú sí i ni. Bóyá mi ò fẹ́ kí irọ́ Ìyá Sìdí tú. Bóyá mo ti rántí ìrẹsì. Bóyá méjèèjì ni. Mo ní, "Èmi ni mo ni wọ́n."

Ó ní, "À! Pápá! Gbogbo wọn?"

Ẹnu mi bá ṣí sílẹ̀. Mo ní ìyàwó mi kékeré ni ìyá wọn. Mo ní ó sá tẹ̀ lé ọkùnrin kan tó ń fi fèrè pe ejò. Mo ní mo lé wọn dé etí igbó, ejò náà ló yíjú padà tó bẹ̀ mí pé kí n má bínú. Ọmọbìnrin náà kò gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó kàn gbọ́ pé ìyá wọn sá lọ. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó tẹjú mọ́ Bàṣírá. Ó fi Faransé bi í pé ṣé bàbá rẹ̀ nìyí. Bàṣírá wò mí. Ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún un ni pé tí wọ́n bá rí wọn, wọ́n ń wọ ọkọ̀ nìyẹn. Ó ní, "Wì," ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan péré yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Ìyá Sìdí wà nídìí ìkòkò epo rẹ̀, ó ń gbọ́. Nígbà tí ọmọbìnrin náà lọ tán, ó wá kúnlẹ̀ síwájú mi lórí ilẹ̀ tútù. Ó rò pé mo gba ikú wọn kú ni. Ó ní tí ọkọ̀ yẹn bá dé, èmi tí mo ti gbé ara mi sílẹ̀ bíi bàbá wọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú. Ó ní, "Ọlọ́run á ṣe yín ní bàbá rere. Ẹ fi ara yín dí ọ̀nà fún ọmọ mi." Mo ní kó dìde. Mo ní kò tó nǹkan.

Nígbà tí wọ́n ń pín oúnjẹ, ọ̀dọ̀ ṣẹ́ẹ̀fù, olórí àdúgbò, ni wọ́n ti pín in. Bí ọmọ bá ṣe pọ̀ tó ni oúnjẹ ṣe ń pọ̀. Mo fi bàrò kó tèmi. Ìrẹsì, òróró, sàdíìnì, ọṣẹ. Wọ́n yọ̀ǹda pé kí àgbà kọjá síwájú. Wọ́n ní, "Pápá ọlọ́mọ!" Mo juwọ́ sí wọn. Ìyá Sìdí ò tilẹ̀ débẹ̀. Ó ní irú ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń mú èèyàn.

Mo gbé àpò ìrẹsì kan fún Ìyá Sìdí. Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ní èbúté ló ta mí lọ́rẹ. Àwọn tó kù wà lábẹ́ ibùsùn mi. Mo jẹ nínú rẹ̀. Mo ṣe sàárà lára rẹ̀ ní mọ́sáláṣí, wọ́n ṣàdúà fún mi títí. Nítorí ọmọ Ìyá Sìdí ni wọ́n fi fún mi, ìyá wọn sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nítorí ẹ̀tọ́ ara rẹ̀. Láàárọ̀ láàárọ̀ ló ń gbé bẹ́nyẹ́ wá fún mi, kò gbowó rí láti ọjọ́ náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Nígbà mìíràn màá sọ fún ara mi pé ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ta ló ń ra oògùn ikọ́ fún Gàníyù? Ta ló ń mú àwọn wẹ́wẹ́ kọjá títì? Ṣé mi ò ní ẹ̀tọ́ díẹ̀ láti pè wọ́n ní tèmi? Lẹ́yìn náà màá rántí àpò tó wà lábẹ́ ibùsùn. Màá tún rántí Sìdí.

Sìdí ò lọ ilé ìwé mọ́. Kò mọ ìwé tiwọn níbẹ̀, Faransé Libreville yàtọ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Oko ló ń bá ìyá àgbà lọ. Ó máa ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù, ìyá rẹ̀ á sì gbé e wá kí n bá òun gbọ́ ọ. Tó bá kí wa tán, ohun kan náà ló máa ń bèèrè: "Màmá, ṣé ọkọ̀ yẹn ti lọ?"

Ìyá rẹ̀ á wo ojú mi. Èmi ni mo mọ̀ nípa ọkọ̀. Màá mi orí. Màá ní kò tíì lọ.

Nísinsìnyí, wọ́n tún ti kéde rẹ̀. Ìjọba ní àwọn ń tún gbogbo rẹ̀ ṣe, àwọn fẹ́ tún èèyàn kà, kí oúnjẹ lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ. Bàṣírá ti ga. Ó ti ń sún mọ́ Sìdí. Obìnrin oníṣòwò yẹn ń lọ lọ́jọ́ Jímọ̀, Ìyá Sìdí sì ti bá a sọ̀rọ̀.

Mo gbìyànjú, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fi Ọlọ́run búra pé mo gbìyànjú. Mo lọ bá Ìyá Sìdí nídìí iná. Mo ní, "Ìyá Sìdí, má rán ọmọ yìí lọ. Kò sí ọkọ̀ kankan. Ìrẹsì ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ ka ọmọ. Wọ́n fẹ́ fún ọ lóúnjẹ ọ̀fẹ́ ni."

Ó wò mí. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú. Ó ní, "Bàbá! Oúnjẹ ọ̀fẹ́! Ẹ̀yin ò ní pa mí! Èyí ju ti àbùùbùtán lọ!"

Mo ní, "Mi ò ṣàwàdà."

Ó ní, "Ìjọba wo ló ń wá ọmọ àlejò kiri láti fún un nírẹsì? Ẹ jẹ́ kí n rí bẹ́nyẹ́ mi din, ó ń jóná."

Mo ní, "Máámá onílé wa ńkọ́? Ṣé kò gba tiẹ̀ ni?"

Ó ní, "Ọmọ ilẹ̀ nìyẹn. Bàbá, mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ kí Bàṣírá lọ, ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Irọ́ ni ó gbà gbọ́, òótọ́ ló fi rẹ́rìn-ín. Ta ni mo fẹ́ bá wí?

Ohun mìíràn tún wà tó ń da orí mi rú. Láìpẹ́ yìí, àwọn èèyàn ń sọ ọ́ kiri pé ìlú ò fẹ́ àlejò mọ́, pé àwọn tí kò níwèé máa lọ sílé. Bóyá òótọ́ ni, bóyá ahesọ ni, mi ò mọ̀. Tó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Tí mo bá ní kí ọmọ náà dúró, tí ọkọ̀ tí mo fi ẹnu kàn wá dé lóòótọ́ ńkọ́? Mo ti sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé, nígbà mìíràn tí mo bá dijú, mo máa ń rí àwọn ibùsùn náà.

Bàṣírá ní òun ò lọ. Ó fẹ́ ṣe ìdánwò tí wọ́n fi ń jáde nílé ìwé kékeré, ó sì mọ̀wé. Ó sunkún, ó bá ìyá rẹ̀ jà. Ni Ìyá Sìdí bá wá bá mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi pa ìtàn yẹn fún un, bí ẹ ṣe pa á fún wa lọ́jọ́ òjò yẹn. Tiyín ló máa gbọ́." Mo ní mo ti gbọ́.

Ọmọ náà wá lánàá lẹ́yìn tó ti ilé ìwé dé. Kò bọ́ aṣọ ilé ìwé. Ó jókòó sórí àpótí mi. Ó ní, "Bàbá, màmá ní kí n wá gbọ́ lẹ́nu yín. Tí ẹ bá ní ẹ fojú yín rí àwọn ibùsùn yẹn, màá lọ. Mi ò ní sunkún mọ́."

Mo mú irin agboòrùn, mo tún gbé e sílẹ̀. Ó ń wò mí bó ṣe wò mí lọ́jọ́ tó ní "Wì."

Mo ní, "Mi ò rí ibùsùn kankan."

Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Kí ló wá dé tí Sìdí fi lọ?"

Mo ní kó padà wá lọ́la. Òní ni ọ̀la náà. Mi ò tíì ṣílẹ̀kùn láti àárọ̀, bẹ́nyẹ́ tí ìyá rẹ̀ gbé sẹ́nu ọ̀nà á ti tutù.

Bàṣírá ò tíì sọ fún ìyá rẹ̀. Mo mọ̀, nítorí mo ń gbọ́ tí Ìyá Sìdí ń ká aṣọ ọmọ náà sínú àpò, ó ń kọrin. Tí mo bá sọ gbogbo rẹ̀, ojú wo ni màá fi wo obìnrin yẹn? Wọ́n lè mú mi pẹ̀lú, torí mo purọ́ fún ìjọba. Bí mo bá sì dákẹ́, Bàṣírá á bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóko.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kàwé jù mí lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí tó bá ṣeé ṣe. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ bú mi, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn kí Jímọ̀ tó dé. Mi ò fẹ́ ìtàn. Ìtàn wà lọ́wọ́ mi jù. Ẹ sọ fún mi bí àgbàlagbà ṣe ń sọ fún ọmọ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ lásán.